Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo ń wá internship kóòdù àkọ́kọ́ tí màá máa ṣe látilé, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

AtẹKóòdù

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, Computer Science ni mo ń kà, mo gbọ́ Python dáadáa, mo sì ti ń fọwọ́ ba JavaScript díẹ̀díẹ̀. Internship àkọ́kọ́ ni mò ń wá, èyí tí màá lè máa ṣe látinú yàrá mi, torí kò sí ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà kankan nítòsí mi, mi ò sì lè fi kíláàsì sílẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ibi tí mo bá yà sí ni wọ́n ti ń béèrè ìrírí, ìrírí yìí náà sì ni mò ń wá kiri. Mo ti fi CV ránṣẹ́ síbi tó pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti là á kọjá, kí ni wọ́n ń wò gan-an kí wọ́n tó gba ẹni tí wọn ò fojú kàn rí? Ṣé LeetCode, ìkànnì ìbéèrè tí wọ́n fi ń dánra wò fún ìntáfíù kóòdù, ni kí n gbájú mọ́ ni àbí kí n máa kọ prọ́jẹ́ẹ̀tì? Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹ ṣe máa ṣàlàyé fún àbúrò yín.

BackendNiMí

Àbúrò, káàbọ̀. Èmi wà lára àwọn tó ń ka CV àwọn intern níbi iṣẹ́ wa, gbogbo wa la sì ń ṣiṣẹ́ látilé, kò sẹ́ni tó ń rí ẹnì kejì àyàfi lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó máa wá jókòó sí ọ́fíìsì, èèyàn lè máa yọjú wò ó, tí iṣẹ́ bá há a lọ́wọ́ wọ́n á rí i lójú ẹ̀. Ti ilé ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nǹkan méjì péré ni mo fi lè mọ̀ ẹ́, iṣẹ́ tó o ti ṣe tí mo lè ṣí wò, àti bó o ṣe ń kọ̀wé. Kì í ṣe gírámà ni mò ń sọ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí nǹkan bá há ẹ lọ́wọ́, ṣé wàá lè kọ ọ́ sílẹ̀ tí màá kà á lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, nígbà tí ìwọ ti sùn, tó sì máa yé mi láìjẹ́ pé mo tún pè ẹ́?

Tí CV bá dé ọwọ́ mi, líǹkì ni mo kọ́kọ́ ń tẹ̀. Mi ò tíì dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé akínkanjú òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Mo máa ṣí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, mú repo kan (àpò tí kóòdù iṣẹ́ kan wà), ka README ẹ̀, ìyẹn fáìlì tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Tí README ò bá sọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe àti bí èèyàn ṣe máa gbé e ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, á jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ò tíì rò ó pé ẹlòmíì máa lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa wo àwọn commit, ìyẹn àkọsílẹ̀ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe sí kóòdù. Tí gbogbo iṣẹ́ bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà nínú commit kan ṣoṣo tí wọ́n pè ní "first commit", kò sí bí mo ṣe fẹ́ mọ bí onítọ̀hún ṣe ń ronú. Àmọ́ tí mo bá rí commit tó ní "ọjọ́ ìdánwò ń yẹ̀ sí ọjọ́ kejì tí aago kọ̀ǹpútà bá wà lórí UTC, mo ti tún un ṣe", kíá ni màá fẹ́ bá ẹni yẹn sọ̀rọ̀. (UTC ni aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé.)

ọmọ_terminal

Mo gbárùkù ti ẹ̀gbọ́n. Prọ́jẹ́ẹ̀tì kan tó parí tán sàn ju mẹ́wàá tí wọ́n wo fídíò kọ lọ. To-do list, weather app, calculator, gbogbo ayé ló ní in, kò burú kéèyàn fi kọ́ṣẹ́ àmọ́ má fi í síwájú CV. Kọ nǹkan tí ìwọ fúnra ẹ máa ń lò. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ilé ìwé ẹ̀ máa ń gbé táìmùtébù ìdánwò jáde ní PDF gbàgàdà tí orúkọ gbogbo ẹ̀ka wà nínú ẹ̀, ló bá kọ script Python kékeré tó ń ka PDF yẹn, tó ń ṣa kọ́ọ̀sì tìẹ nìkan jáde, tó sì ń dà á sí fáìlì .ics tó máa wọnú kàlẹ́ńdà fóònù ẹ tààrà. Kóòdù ibẹ̀ ò pọ̀ rárá. Àmọ́ ó bá PDF tí àtẹ ẹ̀ ò gún jà, ó bá aago àti time zone jà, àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó wọ́n sì ń mú ẹ̀sùn wá, ó ń tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n pè é fún ìntáfíù, ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́nu ju àkókò tí wọ́n fún un lọ.

Tó bá jẹ́ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù ni, gbé e síta kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ wò, GitHub Pages ò gba kọ́bọ̀ fún repo tó wà ní gbangba. Ó tún ku kinní kan o, má fi API key, kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí kóòdù ẹ fi ń wọlé sí iṣẹ́ ẹlòmíì, sínú repo. Tó o bá ti push ẹ̀ (tó o ti gbé e lọ sórí GitHub), pé o pa á rẹ́ nínú commit tó tẹ̀ lé e ò tó, ó ṣì wà nínú history digbí. Lọ síbi tí wọ́n ti fún ẹ ní key yẹn, fagi lé e, gba tuntun, kó o wá fi .env, fáìlì tó ò ń kọ key sí, sínú .gitignore, àtòkọ fáìlì tí kò gbọ́dọ̀ wọnú repo.

Ìyá_Linux

Ẹ má gbàgbé àwọn ètò tó jẹ́ pé látilé ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ wọn. Ọdún 2005 ni Google Summer of Code (GSoC) bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, láti 2022 ni wọ́n ti ṣí i fún ẹni tó bá ti pé ọdún 18 tó jẹ́ ẹni tuntun nínú open source (kóòdù tí gbogbo èèyàn lè wò, kí wọ́n sì bá wọn tún ṣe). Wákàtí 90, 175 tàbí 350 ni iṣẹ́ ẹ̀, owó tí wọ́n ń san sì yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Nǹkan bí oṣù kejì ni wọ́n máa ń gbé orúkọ àwọn àjọ tó ń kópa jáde, oṣù kẹta sí ìkẹrin làwọn èèyàn sì máa ń fi proposal sílẹ̀. Google fúnra wọn ò pè é ní internship, àmọ́ ẹni tó bá ka CV ẹ máa mọ̀ pé iṣẹ́ gidi lo ṣe.

Outreachy náà wà, oṣù mẹ́ta ni, látilé pátápátá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀kan láti oṣù karùn-ún sí ìkẹjọ, ọ̀kan láti oṣù Kejìlá sí ìkẹta. Dọ́là 7,000 ni wọ́n ń san lápapọ̀. Àwọn tí ojú ti ń pọ́n tàbí tí wọ́n ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú wọn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Fara balẹ̀ ka òfin tó kan akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ dáadáa, torí wọ́n máa ń wo sáà ilé ìwé ẹ, wọ́n fẹ́ mọ̀ pé àyè ẹ ṣí sílẹ̀ tó. LFX Mentorship ti Linux Foundation máa ń gbani lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, MLH Fellowship ti Major League Hacking náà wà.

Ohun tó pa GSoC àti Outreachy pọ̀ ni pé àwọn tó ti ń fọwọ́ kan prọ́jẹ́ẹ̀tì náà kí ọjọ́ tó dé ni wọ́n sábà máa ń mú. Outreachy tiẹ̀ sọ ọ́ di dandan, o gbọ́dọ̀ ti ṣe contribution, ìyẹn kó o ti bá wọn fi nǹkan kún iṣẹ́ náà, kí wọ́n tó wò ẹ́. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti oṣù bíi mélòó kan ló fẹ́ bá du ipò.

AtẹKóòdù

Ẹ ṣé gan-an mà. Ká sòótọ́ ẹ̀rù open source yìí ń bà mí. Mo ṣí repo ńlá kan lánàá, fáìlì ibẹ̀ ò lóǹkà, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kọ́kọ́ tẹ̀. Mo wá lọ síbi tí wọ́n kọ "good first issue" (iṣẹ́ tó rọrùn fún ẹni tuntun) sí, èèyàn bíi márùn-ún ti wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń sọ pé ẹ fún mi ní tèmi.

Ìyá_Linux

Ẹ̀rù yẹn máa lọ tó o bá dín ibi tó ò ń wò kù. Má bẹ̀rẹ̀ látinú prọ́jẹ́ẹ̀tì tí òkìkí ẹ̀ kàn, bẹ̀rẹ̀ látinú library kékeré (kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ téèyàn lè lò) tó o ti import sínú kóòdù ẹ rí. Ka CONTRIBUTING.md wọn, ìlànà fún ẹni tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, clone ẹ̀ (dà á kọ sórí kọ̀ǹpútà ẹ), kó o rí i pé gbogbo test wọn, kóòdù tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wò, ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹ kó o tó yí lẹ́tà kan padà. Lọ́pọ̀ ìgbà ibẹ̀ gan-an ni wàá ti rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹ, torí ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ á ti gbó, á ní kó o fi package kan sí i tí kò sí mọ́, tó o bá tún ibẹ̀ ṣe gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ lo ṣe lóore.

Ọ̀nà kejì tí àwọn ọ̀dọ́ kì í kọbi ara sí, mú ẹ̀sùn tẹ́nì kan ti mú wá tí kò sẹ́ni tó dáhùn, kó o gbìyànjú kí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí ẹ náà. Wá kọ ọ́ síbẹ̀: "Mo dán an wò lórí Linux, Python 3.12, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Tí fáìlì bá ní nǹkan nínú kì í ṣẹlẹ̀, ìgbà tí fáìlì bá ṣófo nìkan ni. Ó dà bíi pé ìlà tó ń mú nǹkan àkọ́kọ́ nínú list ló fà á, torí list náà ò ní nǹkan kan nínú." O ò tíì kọ kóòdù kankan o! Àmọ́ ẹni tó ni prọ́jẹ́ẹ̀tì á mọ orúkọ ẹ, torí o ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́.

Mo bẹ̀ ẹ́, má kó kóòdù tí AI kọ tí kò yé ẹ lọ bá wọn. Àwọn maintainer, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó prọ́jẹ́ẹ̀tì, ti rí ìwọ̀sí tó. Ní 2020, torí T-shirt ọ̀fẹ́ Hacktoberfest, ètò open source tí wọ́n ń ṣe lóṣù kẹwàá, àwọn èèyàn ń rọ́ pull request (àtúnṣe tí wọ́n ní kí prọ́jẹ́ẹ̀tì gbà wọlé) tí ò nítumọ̀ dà sórí wọn débi pé àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ ní láti yí òfin padà lójijì, wọ́n ní prọ́jẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ́ nìkan ló máa wà nínú ẹ̀. Lo AI láti fi kọ́ṣẹ́, kò burú, àmọ́ tí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè pé kí ló dé tó o fi ìlà yìí síbẹ̀, ẹnu ìwọ fúnra ẹ ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ ti wá.

BigO_Kúrò_Ńlẹ̀

Gbogbo ẹ̀ dáa àmọ́ ẹ má jẹ́ ká ṣi ọmọ yìí lọ́nà. Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá ṣì ń dán èèyàn wò lórí algorithm, ìgbésẹ̀ tí kóòdù fi ń yanjú ìṣòro, o lè ní GitHub tó rẹwà kó o sì já bọ́ níbẹ̀. LeetCode ò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì.

BackendNiMí

Òótọ́ ni, mi ò bá ẹ jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí a ti yà ni pé, ọ̀pọ̀ internship àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti látilé, ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ló wà, àwọn yẹn sì sábà máa ń fúnni níṣẹ́ àṣetiléwá ju kí wọ́n béèrè algorithm tó le bíi dynamic programming lọ. Kó fi díẹ̀ díẹ̀ ṣe é lójoojúmọ́: array, string, hash map, kó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí tree. Kò nílò ju ìyẹn lọ fún ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju kí ó rí ìdáhùn lọ ni kó máa sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ẹ wo Two Sum, tí wọ́n fún ẹ ní àwọn nọ́ńbà kan tí wọ́n ní kó o wá méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ iye kan. Ẹnì kan á dákẹ́, á kọ loop méjì sínú ara wọn, á ní òun ti parí. Ẹnì kejì á ní: "Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí n fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wé gbogbo ìyókù, àmọ́ O(n²) nìyẹn, tí nọ́ńbà bá di ìlọ́po méjì iṣẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin, tí wọ́n bá di mílíọ̀nù kan á pẹ́ jù. Tí mo bá ń fi èyí tí mo ti rí pa mọ́ sínú dictionary, màá kàn béèrè bóyá ìyókù tí mò ń wá ti wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni màá rìn ín já." Ẹnì kejì yìí ni mo lè bá ṣiṣẹ́ láìrí i lójú, kódà kó kọ àmì kan ṣì.

ojú_lalákàn

Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ ààbò, torí àwọn tó ń wáṣẹ́ àkọ́kọ́ làwọn gbájúẹ̀ ń lé kiri. Ilé iṣẹ́ tó bá ní kó o sanwó "training" tàbí owó fọ́ọ̀mù kó o tó bẹ̀rẹ̀, sá. Èyí tó gbà ẹ́ lórí WhatsApp tàbí Telegram láìbá ẹ sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fídíò, sá. Èyí tó fi sọ̀wédowó ránṣẹ́ sí ẹ pé kó o fi ra kọ̀ǹpútà kó o dá ìyókù padà, ayédèrú ni sọ̀wédowó yẹn, báńkì á gba owó wọn padà lọ́wọ́ ẹ.

Èyí tó tún burú jù fún àwa tó ń kọ kóòdù: ní oṣù kọkànlá 2023 àwọn olùwádìí Unit 42 ti Palo Alto Networks tú àṣírí àwọn kan tí wọ́n so mọ́ North Korea, tó ń ṣe bí agbanisíṣẹ́. Wọ́n á ní ìntáfíù ni, kó o clone repo yìí, kó o npm install (kó o fi àwọn package tó nílò sí kọ̀ǹpútà ẹ), kó o gbé e ṣiṣẹ́. Kóòdù tó ń jí password àti wallet kírípítò ló wà nínú ẹ̀. Nítorí náà repo tẹ́ni tó ò mọ̀ bá fún ẹ, má gbé e ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí báńkì ẹ wà. Ṣí package.json kó o wo apá "scripts", wo bóyá postinstall, àṣẹ tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn install, wà níbẹ̀, kó o sì lò ó nínú virtual machine (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà) tàbí nínú GitHub Codespaces, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wá orúkọ ilé iṣẹ́ náà fúnra ẹ, kó o gba ojú òpó wọn kọ ímeèlì sí wọn, bi wọ́n bóyá lóòótọ́ lẹni yìí ń bá wọn ṣiṣẹ́.

AtẹKóòdù

Háà, ẹnì kan ti fi irú repo bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá! Mi ò tíì ṣí i, màá pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún bá mi wo ohun tí mo ń kọ sí àwọn ilé iṣẹ́:

"Ẹ ǹlẹ́ sà/mà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó nífẹ̀ẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí, mo máa ń tètè mọ nǹkan, mo sì ṣe tán láti ṣe iṣẹ́ yòówù tẹ́ ẹ bá ní. CV mi nìyí. Mò ń retí yín."

ọmọ_terminal

Àbúrò mi, kò sí ìwà burúkú nínú lẹ́tà yìí, àmọ́ ẹni tó kà á ò mọ ohun tó fẹ́ fi ẹ́ ṣe. "Iṣẹ́ yòówù" yẹn ló pa á. Gbà pé ò ń lo irinṣẹ́ kan tí ilé iṣẹ́ kékeré kan ṣe, tó ń sọ fáìlì CSV (àkójọ tí wọ́n fi kọ́mà pín) di àtẹ. Wò ó bí èmi ṣe máa kọ ọ́:

"Ẹ ǹlẹ́. Mò ń lo irinṣẹ́ yín láti fi to àbájáde iṣẹ́ kíláàsì mi. Mo ṣàkíyèsí pé tí kọ́mà bá wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àmì "" há, àtẹ yín máa ń pín ọ̀rọ̀ náà sí àpótí méjì. Mo ti kọ test kékeré kan tó fi í hàn, òun nìyí, mo sì rò pé mo mọ ibi tí wọ́n ti lè tún un ṣe. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, mo lè fi wákàtí 15 sílẹ̀ lọ́sẹ̀ láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, mo sì lè wà lórí ìlà láàárín aago 13 sí 18 UTC. Ṣé ẹ máa ń gba intern? Iṣẹ́ mi kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyí."

Ó kúrú, ó ní ohun kan pàtó, àkókò ẹ hàn, kò sì tọrọ àánú. Kọ irú ẹ̀ sí ilé iṣẹ́ díẹ̀ tó o ti lo nǹkan wọn, ó sàn ju kó o tẹ bọ́tìnì Easy Apply ti LinkedIn láàárọ̀ dalẹ́.

UTC_NiMoWà

Mo fẹ́ràn pé o fi UTC síbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń yí aago wọn padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, New York wà lẹ́yìn UTC ní wákàtí márùn-ún nígbà òtútù, á di mẹ́rin nígbà ooru, ìpàdé tó o rò pé aago mẹ́ta ni á ti kọjá. Kó o sì sọ òótọ́ nípa ọ̀sẹ̀ ìdánwò ẹ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń gbà, ohun tí wọn kì í gbà ni kéèyàn dédé pòórá.

Tó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tìẹ lo ti ń kàwé, bi ọ́fíìsì tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì kó o tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹni tó wà lórí físà F-1 ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, bíi CPT (àṣẹ iṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ ẹ̀ mu), kó tó ṣe internship níta ilé ìwé. Físà akẹ́kọ̀ọ́ ti UK ò gbà kéèyàn máa ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ bíi kọngílá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ látilé ló jẹ́ pé kọngílá ni wọ́n máa ní kó o jẹ́.

AtẹKóòdù

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti kà á tán léraléra. Èyí tí wọn ò bá sanwó ńkọ́, ṣé kí n gbà?

Ìyá_Linux

Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń tà, tí iṣẹ́ tó o ṣe sì máa wọnú ohun tí wọ́n ń tà, èmi ò ní gbà, mi ò sì ní sọ fún ọmọ mi pé kó gbà. Open source ni kó o fi àkókò yẹn ṣe, orúkọ ẹ á wà níbẹ̀ ní gbangba.

BigO_Kúrò_Ńlẹ̀

Èmi lè gbà á fún oṣù kan tó bá jẹ́ pé ẹnì kan tó dáńtọ́ máa jókòó ti kóòdù mi, kó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí kò bá sí ẹni yẹn, Ìyá ti sọ ọ́ tán.

AtẹKóòdù

Ẹ wá o! Mo kọ irú lẹ́tà tí ọmọ_terminal kọ yẹn sí ilé iṣẹ́ kékeré kan tí mò ń lo library wọn, wọ́n dáhùn. Wọ́n ní kí n kọ API kékeré kan (kóòdù tí kóòdù míì lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀) tó ń gba orúkọ ìwé, tó ń tọ́jú ẹ̀, tó sì ń wá a jáde. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fún mi. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

BackendNiMí

A bá ẹ yọ̀ o! Má ṣe ju ohun tí wọ́n ní kó o ṣe lọ, wọn ò ní kó o fi login sí i, má fi sí i. Ibi tí ìbéèrè wọn ò bá ti ṣe kedere, bíi bóyá "Ìwé" àti "ìwé" jẹ́ nǹkan kan náà nínú ìwákiri, bi wọ́n lónìí. Tí wọn ò bá tètè dáhùn, yan ọ̀kan kó o kọ ọ́ sínú README pé báyìí ni mo ṣe yàn, ìdí ẹ̀ nìyí. Kọ test fún ìgbà tí orúkọ bá ṣófo, ìgbà tí ìwé náà bá ti wà tẹ́lẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n bá wá èyí tí kò sí, kó dá 404, àmì pé "kò sí", padà dípò kó dà wó. Máa commit díẹ̀díẹ̀. Tó o bá ti parí, clone ẹ̀ sínú folder tuntun, kó o tẹ̀ lé README ara ẹ láti ìlà àkọ́kọ́ bí ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ibẹ̀ lo ti máa rí fáìlì tó o gbàgbé láti commit àti package tó o fi síbẹ̀ tó ò kọ sínú requirements.txt, àtòkọ package tí iṣẹ́ náà nílò. Tún ìyẹn ṣe kó o tó fi ránṣẹ́.

AtẹKóòdù

Mo ti bi wọ́n ní ìbéèrè lẹ́tà ńlá lẹ́tà kékeré yẹn. Wọ́n ní nǹkan kan náà ni, wọ́n sì ní mo ṣeun tí mo béèrè. Mo ti ń kọ test àkọ́kọ́.